Orin Tí Iná Kò Rí Jó Tán

Nínú àwọn tí mo ń tẹ orin wọn lórí dùùrù, Vasyl Barvinsky, ọmọ ilẹ̀ Ukraine, ni ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ìlú Ternopil ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1888. Ìyá rẹ̀, tí ó mọ dùùrù tẹ̀, ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Lviv, ó lọ kọ́ iṣẹ́ orin kíkọ ní Prague lọ́dọ̀ Vítězslav Novák. Ní 1915, ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ orin tí a fi orúkọ Mykola Lysenko pè ní Lviv, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1939.

Orin dùùrù rẹ̀ kì í pariwo. Yóò mú orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, títí kan àwọn orin Kérésìmesì wọn, yóò sì fi ohùn mìíràn tì wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ẹni tí ó ni orin yóò ṣì mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, ìjọba Soviet mú òun àti aya rẹ̀. Ọdún 10 ni ó lò ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Mordovia. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n dáná sun àwọn ìwé orin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹni 70 ọdún ni nígbà tí ó padà dé Lviv ní 1958. Kò bú ẹnikẹ́ni nínú orin. Ó jókòó, ó ń rántí, ó sì ń kọ wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tí ó kú ní 1963.

Àwọn àgbà ní ààfin tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìwé orin tó jó kò rí bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ̀dà rẹ̀ bá wà níbòmíràn. Kọnṣáátò tí Barvinsky kọ fún dùùrù la iná já nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní Argentina, níbi tí wọ́n ti rí i lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, àwọn olùkọ́ wa pẹ̀lú kọ orin fún ìsìn òwúrọ̀, ní àmì dò-rè-mí, lórí ìwé pélébé tí ikán lè jẹ ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nílé, kí ó dà á kọ, kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì fi òmíràn sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókèèrè. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n lórí nìkan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ohùn ṣì wà.