Ọkọ̀ Micra, Ọkọ Ìyàwó

Olùkọ́bìnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Agbowó, n’Ìbàdàn, kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin sójú pátákó, kò fi àmì kankan lé e lórí. Ó ń nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta kò pè é lásán, wọ́n ń kọ ọ́ lórin ni. Re re, ọkọ ìyàwó. Re mí, ọkọ́ àgbẹ̀. Re dò, ọkọ̀ Micra tó ń ná Dùgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé dò dò, ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn na rúlà rẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ ju ọ̀kọ̀ lógun, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní láti bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Èdè Yorùbá ni wọ́n pe iṣẹ́ yẹn lórí táìmù-tébù. Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn fèrèsé yóò búra pé orin ni.

Ọgbọ́n tí olùkọ́ náà ń lò, sólífà, ti rìn jìnnà kó tó dé Agbowó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah Glover ló gbé e kalẹ̀ ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọdé lè kọrin láìjẹ́ pé ìlà márùn-ún orí ìwé orin dẹ́rù bà á. Àlùfáà John Curwen tún un ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Títí dòní, sólífà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń kà. Ohùn mẹ́ta péré ni àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá mú nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn akọrin.

Lóòótọ́, dò ẹnu kì í ṣe dò orí dùùrù. Kò sẹ́ni tó ń fi dùùrù wọn ohùn ẹni tó ń ná ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí etí rẹ̀ ti mọ̀ pé re dò ń sọ̀ kalẹ̀, pé re mí ń gòkè, ti gba ìdajì ẹrù lọ́rùn ẹni tí yóò kọ́ ọ lórin. Iṣẹ́ yìí ń lọ lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ rẹ̀.

Bí a bá sọdá sí Bódìjà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà níbẹ̀ tí orin ti ní olùkọ́ tirẹ̀, tí dùùrù oníná wà nílẹ̀, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní fèrè oníke nínú báàgì. Orin ọmọ Òyìnbó ni wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀, Twinkle Twinkle ni baba wọn. Kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kan ní òun fẹ́ sọ ọ́ di Yorùbá, kó sì gbé “ọkọ̀ bàbá mi” lé ohùn náà. Ohùn méjì tó ṣíwájú nínú orin yẹn, ọgbọọgba ni wọ́n. Ibi tó yẹ kí ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, kò ráyè sọ̀: ọkọ̀ Micra di ọkọ ìyàwó lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá gbọ́ ọ yóò rẹ́rìn-ín, òun ló sì mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l’Ékòó láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan tó pè ní Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Ó ti rí ohun tí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ń fi ojú ọ̀rọ̀ Yorùbá rí nínú orin ìsìn, ó sì ń ṣe orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ti ọ̀rọ̀. Lára àwọn ọmọdé tó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, ẹni tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú iṣẹ́ orin, tó sì ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn láwọn ọdún 1960. Ní Yunifásítì yìí kan náà ni Mosunmola Omibiyi ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1972 ló kọ̀wé lórí ipò tó yẹ orin àti ijó ìbílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọmọ Áfíríkà.

Àwọn ará Họ́ńgárì ti gba irú ọ̀nà yẹn. Zoltán Kodály, olórin wọn kan, ní orin ìbílẹ̀ ni èdè abínibí ọmọ nínú orin, òun ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Sólífà ló lò, ó sì yá àmì ọwọ́ Curwen. Orin olóhùn márùn-ún, tí kò ní fà àti tì, ló máa ń ṣíwájú. Ní 1950, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ ní Kecskemét, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọrin lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú orin àlọ́ wa lápá Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, olóhùn márùn-ún náà ni. Ohun tí ìyá àgbà fi ń dá àwọn ọmọ lára yá lálẹ́ ni ẹlòmíràn sọ di ìwé kíkà.

Etí Ìbàdàn ò sì dákẹ́ rí. Nígbà kan, ìlù gángan ni rédíò fi ń ṣí ètò. Àwọn tó ni rédíò ní ohun tí ìlù náà ń wí ni pé ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Nàìjíríà nìyí. Àwọn ará Ìbàdàn ní irọ́ ni, pé ó ń béèrè ẹni tí yóò jọba bí Olúbàdàn bá wàjà. Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ orin fún kíláàsì kẹrin, kí ló tún kù tó ń wá?

Ohun tó kù ni ìlù fúnra rẹ̀. Láti bí 2007 ni ìjọba ti da orin, àwòrán àti eré orí ìtàgé pọ̀ sínú iṣẹ́ kan, Cultural and Creative Arts, àwòrán ló sì sábà máa ń jẹ àkókò rẹ̀, torí pé pẹ́ńsù kò wọ́n. Gángan ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kì í jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù àfi bí àyájọ́ ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Òbí kan ní òun kò rán ọmọ òun lọ kọ́ iṣẹ́ alágbe. Òmíràn ní ìlù yẹn, ti òrìṣà ni. Lọ́jọ́ Sunday, gángan kan náà ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sì bí i nínú.

Ní Agbowó, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n jáde. Orúkọ àdúgbò ni wọ́n ń kọ báyìí. Bódìjà, mí dò dò. Dùgbẹ̀, dò dò, bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ké e.

“Àǹtí, Ṣálẹ́ńjì ńkọ́?”

Ilé ìtàwé Challenge ti àwọn míṣọ́nnárì ló bí orúkọ yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni, kò mú àmì ohùn wá láti ilé. Àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé ní mí mí mí dò. Àwọn tó wà lápá ẹnu ọ̀nà ní rárá o, mí mí dò dò ni. Olùkọ́ náà pè é sínú lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Agogo lù. Wọ́n ṣì ń jiyàn nígbà tí wọ́n dé etí títì.