Rédíétọ̀ Bàbá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí bàbá mi tún rédíétọ̀ mọ́tò rẹ̀ ṣe, kò ní kó máa wá ìwé kiri. Orí rédíétọ̀ náà gan-an ni kó wò. Ìṣó ni bàbá máa ń mú, á fi ha ọdún tó ṣe é sára idẹ tó wà lókè rẹ̀: 1984, 1991, 1998, 2003. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n, olùkọ́ ayé ọjọ́un, tí kì í ṣe nǹkan kó má kọ ọ́ síbì kan. Èmi àkọ́bí wọn ni mo sì ta rédíétọ̀ náà. Bí mo ṣe tà á, àti ohun tí ojú mi rí láàárín Òsì àti Ìlọ́fà nítorí rẹ̀, ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù.

Peugeot 504 ni mọ́tò tí mò ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ kò ní bi mí pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1968 ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde, nígbà tó sì di 1975, Kàdúná níbí ni wọ́n ti ń tò ó. Lọ́dún 1975 yẹn kan náà ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ìlà oòrùn Áfíríkà, níbi tí eruku àti ẹrẹ̀ kì í ti í jẹ́ kí mọ́tò yẹpẹrẹ dé ilé. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mọ́tò àtijọ́ tó lágbára, irú Pontiac GTO ti 1964 ni wọ́n ń wí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju líta 6 lọ. Tiwa kò pé líta 2. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Òsì tó mọ bàbá mi nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ láti Òmù-Àrán, tí àwa ọmọ ń sáré tẹ̀ lé eruku wọn.

Bàbá ra tiwọn ní 1980. Wọ́n kú ní 2009. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni mọ́tò yẹn wà, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ń gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi tó ń gbé nílé pẹ̀lú ìyá wa pè mí ní Ìlọrin, ó ní àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ti wá, pé iye tí wọ́n pè é kò burú, pé orí páánù ilé ń jò. Inú bí mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n sọ sí àbúrò. Mo ní, “Ìwọ tí o kò ra táyà kan ṣoṣo sí i rí, ìwọ lo fẹ́ tà á?” Kò dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń gbé ìyá wa lọ sí ọsibítù, òun ló ń pọnmi, òun ló ń rí òrùlé tó ń jò lóru. Èmi kàn ń fi owó ránṣẹ́ ni.

Ìyá wa ló parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Èmi ọmọ Ìlọ́fà ni. Mọ́tò yẹn ni bàbá yín fi máa ń gbé mi lọ sílé wa lọ́dọọdún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ tà á. Ṣùgbọ́n ẹ fi gbé mi lọ lẹ́ẹ̀kan sí i ná.” Ẹni ọdún 82 ni wọ́n nígbà náà. Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó máa ní òun kò ní owó lọ́wọ́?

Bí a ṣe wọ́ ọ dé Ìlọrin nìyẹn. Mẹkáníìkì tún bíréèkì ṣe, ó tún kábúrétọ̀ ṣe, a ra bátìrì, a ra táyà. Ẹ́ńjìnnì jí, ó ń dún bíi ti àtijọ́, àfi pé bí a bá jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á gbóná. Mẹkáníìkì ní rédíétọ̀ ti dí. Òtítọ́ ló sọ. Omi kànga la ti ń bù sí i láti ọjọ́ yìí wá, ìpẹtà àti èérí sì ti di inú àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín rẹ̀. (Ẹni tó ra ọkọ̀ ìjàpá láyé ìgbà yẹn ló gbádùn o jàre: atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lára, kò ní rédíétọ̀ rárá.)

Níbi tí ó yẹ kí n ti gbé rédíétọ̀ náà lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìwé ni mo lọ ń kà. Mo ka bí àwọn Amẹ́ríkà ṣe ń yọ rédíétọ̀ bàbà àti idẹ kúrò lára mọ́tò àtijọ́ wọn, tí wọ́n ń fi alumíníọ̀mù rọ́pò. Bàbà ń gbé ooru ju alumíníọ̀mù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù fúyẹ́, wọ́n sì lè mú páìpù inú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa kí ó má fọ́, kí omi lè ráyè fara kan án. Gbogbo rẹ̀ wọ̀ mí lórí. Ohun tí n kò rò ni pé àwọn wọ̀nyẹn ti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì wọn kí wọ́n tó fi kún rédíétọ̀. Èmi kò fi ohunkóhun kún tèmi. Ẹni tí kò gbé ẹrù kún ẹrù ló ń wá òṣùká ńlá kiri.

Mo ra aláwọ̀ fàdákà kan, ó tóbi, ó ń dán gbinrin. Ó gbà mí ní owó oṣù kan àti díẹ̀ lé. Àwọn tó bá mi dè é ní àwọn yóò yọ owó díẹ̀ bí mo bá fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn, torí pé bàbà ń tà. Mo wo rédíétọ̀ bàbá mi nílẹ̀. Mo rí àwọn ọdún yẹn lára rẹ̀ o, n kò ní purọ́. Mo rí wọn, mo sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde 2017 ni mo wà á lọ sílé. Ìdòfìàn, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán, ọwọ́ aago ooru kò mira. Mo ń kọrin. Nígbà tí mo dé Òsì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ará àdúgbò lè rí nǹkan tó ń dán. Àbúrò mi wò ó títí, ó ní, “Ó dáa, bọ̀dá.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá wa bi mí pé, “Èyí tí bàbá yín kọ nǹkan sí lára ńkọ́?” Mo ní ó wà ní Ìlọrin. Àbí irọ́ nìyẹn?

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, lọ́wọ́ ọ̀sán, a gbéra lọ sí Ìlọ́fà. Ìyá wa wà níwájú pẹ̀lú ìró àti bùbá òfì, àbúrò wọn obìnrin àti àbúrò mi wà lẹ́yìn. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n kòtò pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a sì wá kó sẹ́yìn lọ́rì kan tó ru pákó, tó ń fà bí ìgbín gun òkè. A ò lè yà á sílẹ̀. Bí a ṣe ń fà tẹ̀ lé e, mo rí i tí ọwọ́ aago ooru dìde. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó dìde sí i. Kí a tó dé orí òkè, èéfín ti bo gíláàsì iwájú, omi ń hó fùù-fùù bí ìkòkò àmàlà. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà.

Mo fò sílẹ̀, mo fa bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, mo na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀. Ẹnì kan gbá ọwọ́ mi mú lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ẹ. “Bọ̀dá, ẹ má ṣí i!” Àbúrò mi ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ẹ fi etí sí èyí. Ìdérí yẹn ń há agbára mọ́ inú, ìyẹn ni omi ibẹ̀ fi lè gbóná ju 100 lọ kó má tíì hó. Ẹni tó bá ṣí i nígbà náà, gbogbo omi yẹn ló máa hó lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì fò mọ́ ọn lójú. Àbúrò mi tí mo sọ pé kò ra táyà rí ló gba ojú mi là.

A jókòó sábẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí débi pé mo ń ka èèrà. Ìyá wa ló wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè: “Fáànù rẹ̀ ńkọ́? Láti ilé tá a ti ń bọ̀, n ò gbọ́ kó mú.” Mo ní kí ló ń jẹ́ kó mú? Wọ́n ní bí àwọn àti bàbá bá ti ń gun òkè, bàbá á pa rédíò, wọ́n á tẹ́tí. Bí nǹkan bá ti dún níwájú báyìí, “gbà”, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí hó, bàbá á ní, “Ó ti mú,” wọ́n á sì tan rédíò wọn padà. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá wa fi jókòó síwájú nínú mọ́tò yẹn. A kò bi wọ́n ní nǹkan kan rí.

Àbúrò mi gun ọ̀kadà lọ sí Òmù-Àrán, ó lọ mú bàbá ríwáyà kan wá. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí bàbá náà wo inú rẹ̀, ó fa wáyà kan jáde tí wọ́n fi téèpù dúdú wé lẹ́nu. Ó ní, “Ta ló so èyí kọ́ síbí?” Ó wá là wá lọ́yẹ̀. Fáànù irú mọ́tò yìí kì í yí ní gbogbo ìgbà. Òòfà tó ń jẹ iná bátìrì ló ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Súìṣì kékeré kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara rédíétọ̀; bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, súìṣì yẹn á jẹ́ kí iná kọjá, òòfà á gbá fáànù mú. Rédíétọ̀ fàdákà tèmi kò ní ihò tí wọ́n lè de súìṣì náà sí. Àwọn tó dè é kò béèrè, wọ́n wé ẹnu wáyà, ó parí. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, atẹ́gùn eré ń tu omi lára. Lẹ́yìn lọ́rì onípákó, kò sí atẹ́gùn, kò sí fáànù. Èmi náà kò gbọ́ nǹkan kan lọ́nà Ìlọrin, torí pé n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n gbọ́.

Bàbá ríwáyà so wáyà méjì pọ̀ kí fáànù lè máa yí láìdúró, a bu omi sí i nígbà tó tutù, a sì dé Ìlọ́fà lálẹ́. Àwọn èèyàn ìyá wa ti sùn díẹ̀ nínú wọn. Wọ́n jí wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àbúrò mi ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rí rédíétọ̀ 504 kan lára àlòkù tó kú sí ọgbà mẹkáníìkì ní Òmù-Àrán, orí àti ìdí rẹ̀ ṣì jẹ́ idẹ, ihò súìṣì sì wà níbẹ̀. Ó ti san owó rẹ̀. N kò bi í níbi tó ti rí owó. Àwa méjèèjì la jọ gbé e lọ fún ọ̀gá kan tó ń ṣe rédíétọ̀.

Mo ti rí oníṣẹ́ ọwọ́ rí. Òsì tiwa ni Àreògún ti wá, agbẹ́gilére tó kú ní 1954 tí iṣẹ́ rẹ̀ wà káàkiri àgbáyé, n kò sì lè fojú di ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí dá mi dúró lórí ẹsẹ̀ fún odindi ọ̀sán. Ó fi iná yọ́ òjé tó so orí mọ́ àárín, ó gbé orí náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé fìlà ọba. Ó yọ àárín àtijọ́ tó ti jẹrà dànù. Ìlà páìpù méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá fi àárín bàbà tuntun tó ní ìlà mẹ́ta sí i, ó sì fi òjé lẹ orí àti ìdí idẹ mọ́ ọn padà. Lẹ́yìn náà, ó dí gbogbo ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó rì í sínú àgbá omi, ó ń wá ibi tí ìfófòó yóò ti yọ. Ó yọ níbì kan. Ó tún lẹ ibẹ̀. Ó rì í lẹ́ẹ̀kejì, omi dákẹ́. Ó kìlọ̀ fún wa pé omi kànga ti parí, kúláǹtì ni ká máa rà. Ó sì bi wá bóyá tẹmọ́sítáàtì ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì, torí àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn kí wọ́n máa yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ olóoru ni tiwa. Wọ́n ti yọ tiwa. A ra òmíràn.

Gbogbo owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti aláwọ̀ fàdákà.

Nígbà tí a délé, mo sọ òtítọ́ fún ìyá wa nípa rédíétọ̀ bàbá. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ní ó wà ní Ìlọrin. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìṣó kan jáde. Mo gbà á, mo nà án sí àbúrò mi. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní èmi ni àgbà. Mo ní kò ra táyà, ṣùgbọ́n ó ra rédíétọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bú u lórí fóònù, ó sì ha 2017 sára idẹ náà, lẹ́tà rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún gbé wọn lọ sí Ìlọ́fà. Àbúrò mi ló wà á, èmi wà lẹ́yìn. Bí a ṣe dé ibi òkè yẹn, ó pa rédíò. Gbogbo wa tẹ́tí. Ọwọ́ aago dìde díẹ̀, ó dúró. Ìyá wa gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n di ojú.

“Ó ti mú,” wọ́n wí. “Ẹ tan rédíò yín.”