Èémí Ẹ́ńjìnnì

Lẹ́nu mẹ́káníìkì àgbà kan n'Íbàdàn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi tó yín létí. "Èémí" ni ó ń pe agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kí iná tó ràn án. Èmi ìbá pè é ní "ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́", ṣùgbọ́n tirẹ̀ dùn ju tèmi lọ.

Ọkọ̀ àbúrò mi ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ni ó fi ń kérò, owó rẹ̀ ni ó sì fi ń rán ọmọ níléèwé. Lójú eré, ó fẹ́ ti jíà kẹta bọ́ sí ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n èkejì ni ó wọlé. Ẹ́ńjìnnì han gooro. Ohun tí ó ń dá ẹ́ńjìnnì lẹ́kun eré àsápajúdé kò ju kí ó gé epo tàbí iná lọ. Kò lè dá táyà tí ó ń fi tipátipá yí i dúró. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń gbọ̀n, tí kò sì lè gun òkè. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wò ó kò tú nǹkan kan tí ó fi ní kí á lọ ra odidi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀.

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀ ná." Ó gé epo àti iná, ó ní kí á yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá a máa ń dún ní ọgbọọgba bí ìlù. Tiwa ń fo ìdún kan. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń de aago ìwọ̀n mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi tẹ tọ̀rọ́túù mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìkíní 170 psi, ìkejì 165, ìkẹrin 170. Ìkẹta, 60 péré!

Ó da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ìkẹta, ó tún wọ̀n ọ́n: 65. Bí ó bá jẹ́ ríìngì pístìn ni ó jẹ, ọ́ìlì ìbá dí àlàfo rẹ̀, ìwọ̀n ìbá sì gòkè gan-an. Ó wá gbé pístìn dé òkè pátápátá níbi tí ó yẹ kí gbogbo fáàfù ti pa dé, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó ní kí n dẹtí sí ìdí sàlẹ́ńsà. Fíìì! Ká ní ẹnu ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí ni ó ti ń jáde ni, à bá fura sí ríìngì. Ká ní omi rédíétọ̀ ni ó ń hó, a jẹ́ pé gáskẹ́ẹ̀tì ni.

Nígbà tí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì, fáàfù méjì tí ń tú èéfín jáde ti tẹ̀. Eré ti pọ̀ ju ohun tí sípíríǹgì wọn lè bá lọ. Wọn kò tíì pa dé tán tí pístìn fi gòkè wá kàn wọ́n. Bàbá kò dúró níbẹ̀ o. Ó tú ìsàlẹ̀ náà wò, torí irú eré bẹ́ẹ̀ lè ba bíárìn àti bóòtù tí ó di pístìn mú jẹ́. Wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ìkẹta ka 165 lẹ́yìn àtúnṣe. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, àbúrò mi ti wà ní gáréèjì, ó ń pe èrò.