Àpótí Irinṣẹ́ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ gáréèjì ni mo fẹ́ sọ, mo mọ̀ pé ọkàn yín á ti lọ sí Ìwó Road, níbi tí àwọn agbèrò ti ń pariwo pé kí ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín. Ìyẹn kọ́ o. Gáréèjì tèmi ni abẹ́ páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa n'Íbàdàn, níbi tó yẹ kí mọ́tò wa máa sùn, ká ní a ní mọ́tò. Mọ́tò oní-mọ́tò ló ń sùn níbẹ̀, torí mẹkáníìkì ni bàbá mi.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Látijọ́, káàkiri ni irinṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà: sípánà nínú garawa ọ̀dà, sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú agolo mílíìkì, àwọn tó tóbi nínú Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ńṣì. Kò sí wàhálà nígbà náà, torí ojú rẹ̀ ríran kedere. Á wo inú garawa lẹ́ẹ̀kan, á sì mú 13 jáde láàárín 12 àti 14 bí ẹni tó ń mú ẹran nínú ọbẹ̀.

Ọdún 2019 ni dókítà ojú sọ fún un pé glaucoma ló ń bá a jà. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀ nílé á mọ̀ ọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni rárá. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, kí onítọ̀hún sì tó fura, ó ti rìn jìnnà. Ìríran tó bá ti bá a lọ kì í padà mọ́. Èyí tó kù ni oògùn tí wọ́n ń kán sójú ń dáàbò bò.

Bàbá kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní etí lòun fi ń gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ lòun sì fi ń tú u. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n garawa kì í ṣe ibi tí ọwọ́ nìkan ti lè wá nǹkan. Mo ti rí i tó da gbogbo garawa sílẹ̀, tó ń fọwọ́ tọ́ sípánà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, tí oníbàárà sì dúró tì í tó ń wo aago. Oníbàárà yẹn kò padà wá mọ́.

Nígbà tó di ọdún 2021, àwa ọmọ dáwó jọ: bọ̀dá mi tó wà l'Ékòó, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti èmi tí mò ń dirun fún àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó jẹ́ 80,000 náírà. Àpótí irinṣẹ́ onítáyà la fẹ́ rà, èyí tó ga dé ìbàdí, tó ní dírọ́ọ̀ lórí ara wọn, tí Bàbá lè tì dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó bá ń ṣe. Owó náà kò pọ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń sanwó fún.

Bọ̀dá mi rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù: tuntun, pupa fòò, dírọ́ọ̀ 7, 75,000 náírà. Ó ń dán bíi bàtà ìyàwó. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ wọlé, ó dún bí agolo. Gauge ni wọ́n fi ń wọn irin pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i. 18 nípọn ju 22 lọ. Dírọ́ọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Irin ló ń wọ́ lórí irin, ìdajì ló sì ń jáde mọ. Ohun tó bá wà lẹ́yìn pátápátá, ojú lẹ máa fi wá a. Ojú yẹn gan-an la ò ní.

Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun á fi irin tó nípọn ṣe é ní 70,000. Àpótí tirẹ̀ á lágbára, kódà àwọn ọmọ wa á bá a láyé. Ṣùgbọ́n ní òfìfo lásán, géńdé méjì ni yóò máa tì í, dírọ́ọ̀ tirẹ̀ náà kò sì ní bíárìn. Ó dáa fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń tì pa, tí àpótí rẹ̀ ò ní kúrò lójú kan.

Ló bá ku tòkunbọ̀. Bàbá ní òun fúnra òun á bá mi lọ sí Aráròmí, ọjà sípáápàátì tó wà ní Agodi Gate. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì la ti bá a: àpótí búlúù tó ti ṣá, dírọ́ọ̀ 5, táyà kan ti fọ́.

"Bàbá, ẹ wò ó dáadáa, ojúlówó ni," ni ọlọ́jà wí.

"Wíwò kọ́, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ó di ojú méjèèjì. Ó fa dírọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde dé òpin, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ irin róbótó inú bíárìn ṣe ń yí. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ẹ̀yìn pátá. Ó fi ìgúnpá tẹ èyí tó ṣí, kò tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, torí àpótí tí dírọ́ọ̀ rẹ̀ tó kún bá ṣí ní méjì lè dojú dé lé èèyàn lẹ́sẹ̀. Ó béèrè kọ́kọ́rọ́. Kò sí. Ó ní kò burú, olè tó bá fẹ́ ẹ kò ní jókòó ṣí i, á kúkú tì í lọ ni. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín yẹn ló sì mú 95,000 di 65,000.

Táyà tuntun mẹ́rin jẹ́ 10,000. Oní-ínṣì 5 la rà, torí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ wa ti sán, táyà kékeré á máa há sínú rẹ̀. Méjì ń yí kiri, méjì ń lọ tààrà, àwọn tó ń yí kiri sì ní búréèkì, nítorí Bàbá a máa fara ti àpótí bó bá ń dìde. 5,000 tó kù la fi gbé e délé.

Ìsàlẹ̀ la kó òòlù àti gbogbo ohun tó wúwo sí, kí àpótí má bàa ṣubú. Màmá gé rọ́bà àtijọ́ tẹ́ sínú dírọ́ọ̀ kí irinṣẹ́ má máa yọ̀. Bàbá ń fi ọ́ìlì nu wọ́n nígbà òjò kí wọ́n má bàa dípẹtà. Ó fi ayùn irin ṣá àmì sí etí dírọ́ọ̀: ẹyọ kan fún àkọ́kọ́, méjì fún èkejì, títí dé márùn-ún. Sípánà tò láti òsì: 8, 10, 12, 13. Ìkẹrin ni 13, lọ́sàn-án lóru.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀ fún àwọn òbí yín, ẹ má wo ọ̀dà o jàre. Ẹ wo táyà, ẹ fa dírọ́ọ̀ dé òpin, kí ẹ sì ro ti ẹni tó máa lò ó.

Ojú Bàbá kò padà, a ò sì retí pé yóò padà. Oògùn ṣì ń gba owó. Ṣùgbọ́n ìjà tó wà nílé wa báyìí, ìjà àyè ni. Ọmọ iṣẹ́ kan mú 13, ó fi í sápò, ó lọ jẹun. Ọwọ́ Bàbá dé àyè ìkẹrin, ó bá òfìfo. Kò pariwo. Nígbà tí ọmọ náà dé, Bàbá kàn na ọwọ́ sí i, ó ní, "Gbé ojú mi wá. Ojú mi lo mú lọ yẹn."