Ìrìn Àjò Wa Lórí Kẹ̀kẹ́ ní Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Kan ní Ọ̀yẹ́

Ní sáà ìdánrawò ìkọ́ni tí ó kọjá, Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni a rán wa lọ, àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ wà ní kíláàsì. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni a fẹ́ ròyìn fún yín, nítorí ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí a kò bá pàdé nínú ìwé.

Ọ̀rẹ́ wa ní kámẹ́rà kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ, a sì yá kẹ̀kẹ́ ológeere méjì lọ́wọ́ àwọn tísà àgbà. A ti kà nípa ilé iṣẹ́ ọnà tí àwọn Fáàdà ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll àti ẹnì kejì rẹ̀, dá sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 1947. Níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Aréògún agbẹ́gilére ará Ọ̀sì, ti gbẹ́ ère àti ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1954 ni ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ṣùgbọ́n Fáàdà Carroll ti ya fọ́tò àwọn agbẹ́gilére, ó sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967. Nípa bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn kò parun. Ọ̀rẹ́ wa ní, “Àwa náà yóò ya Ọ̀yẹ́ bí ó ti rí lónìí.”

Nígbà tí agogo márùn-ún ààbọ̀ lù, a gbéra. Ilẹ̀ Èkìtì, ilẹ̀ òkè ni: bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń bá wa yọ̀ lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní pẹ́ tí a ó bọ́ sílẹ̀ láti fi òógùn tì í gun òkè. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2011, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti hù káàkiri bí olú. Àwọn tí ó gun ọ̀kadà kọjá ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ayé àtijọ́ ni a ti wá. Oòrùn ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo lórí páànù tí ó ti dípẹtà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti ń dínkù, ojú kámẹ́rà ní láti ṣí pẹ́ díẹ̀ sí i. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n nígbà náà, àwòrán yóò di bàìbàì. Ìdí nìyí tí ọ̀rẹ́ wa fi ń kánjú.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà ni a rí ìyá arúgbó kan tí ń dín àkàrà, tí iná ààrò tàn sí i lójú, ọmọdékùnrin kan sì ń fẹ́ iná fún un. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọ̀rẹ́ wa ti gbé kámẹ́rà sójú. Ìyá náà fi ìborùn bojú. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò sí ẹ kú alẹ́ lẹ́nu yín ni?”

Ojú tì wá púpọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ìkíni ni a kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Èyí tí ó sì burú jù, ọmọ tí ń fẹ́ iná náà wà láàrin wọn. Ó wò wá, ó dákẹ́. A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì.

Ìyá rọ̀, ó fún wa ní àpótí láti jókòó. Ó ní kì í ṣe àìkíni nìkan ni ó dun òun. Ọmọbìnrin òun, ìyá ọmọ yìí, ti kú kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n rìn. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ó fi sílẹ̀. Ọkùnrin kan dé, ó ní òun yóò bá wọn sọ ọ́ di ńlá; ó gba owó, ó gba fọ́tò, kò sì padà títí di òní. “Ọmọ yìí kò mọ ojú ìyá rẹ̀,” ni ìyá wí. “Bí ó bá bi mí léèrè, èmi a ní kí ó lọ wo dígí.”

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ní ilẹ̀ wa, fọ́tò kì í ṣe ohun eré. Stephen Sprague ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978, lẹ́yìn tí ó ti gbé ní Ìlá-Ọ̀ràngún, pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, ayafọ́tò a máa fi àwòrán èyí tí ó kù ṣe méjì, a sì pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni ó jókòó.

A bẹ ìyá pé kí ó jẹ́ kí a ya òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Bí ẹ bá lè ṣèlérí pé ẹ ó mú un wá.” A ṣèlérí. Ilẹ̀ ti ṣú. A fi iná kẹ̀kẹ́ wa méjèèjì tàn sí wọn, ọ̀rẹ́ wa sì gbé kámẹ́rà lé orí àpótí kí ó má baà mì. Ìyá bù àkàrà fún wa, kò gba owó.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Iṣẹ́ pọ̀, a sì ń fi dọ̀la dọ̀la. Lójoojúmọ́ ni ọmọ náà ń wò wá ní kíláàsì, kò sì bèèrè ohunkóhun. Ìwò yẹn ni kò jẹ́ kí ara rọ̀ wá. Ní Sátidé tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a ó kúrò, a mú owó oúnjẹ wa, a wọ ọkọ̀ lọ sí Adó, a sì fọ fọ́tò náà.

Ìyá mú un súnmọ́ iná, ó wò ó pẹ́. Kò sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀. Ó ní, “Ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ nìyẹn.” Lẹ́yìn náà ó yí i padà, ó bi wá ní ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. A kò kọ nǹkan kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí Fáàdà Carroll kọ ni ó mú wa jáde nílé. A fi bírò lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó kọ orúkọ ìyá àgbà rẹ̀, ó kọ ti ara rẹ̀, ó sì bi wá bóyá òun lè kọ ti ìyá òun pẹ̀lú. A ní kí ó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, fóònù tí ń ya fọ́tò wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lónìí. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ojú ẹni tí a bá yà, a yá a ni. Ẹ jẹ́ kí a kí i kí a tó yà á, kí a kọ orúkọ rẹ̀, kí a sì mú tirẹ̀ padà fún un.