Ẹgbẹ̀rún Bíríkì Félix Patzi

 Ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mo gbé wá lónìí, láti orílẹ̀-èdè Bòlífíà.

Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ipò èdè láwùjọ, mo sábà máa ń dárúkọ Félix Patzi. Ọmọ Aymara ni, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá sì ni. Ní ọdún 2006, Ààrẹ Evo Morales fi í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ Aymara tàbí Quechua nílé, ṣùgbọ́n èdè Sípéènì ni ó jọba ní iléèwé àti ní ọ́fíìsì. Patzi ní kí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́ èdè onílẹ̀. Ó tún bá Ìjọ Kátólíìkì fa wàhálà lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní iléèwé. Ọdún kan péré ni ó lò nípò.

Èrò náà kò bá a lọ, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ní in. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2009 sọ èdè onílẹ̀ 36 di èdè ìjọba pẹ̀lú èdè Sípéènì. Ó sì ní ẹni tí yóò di ipò ìjọba mú gbọ́dọ̀ gbọ́ méjì, ó kéré tán, nínú wọn.

Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ MAS fa Patzi kalẹ̀ fún ipò gómìnà ẹkùn La Paz. Kí ìdìbò tó dé, ọlọ́pàá mú un pé ó mutí yó nídìí ọkọ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Patacamaya dá sẹ̀ríà fún un ní ìlànà ìbílẹ̀: kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ẹgbẹ̀rún kan bíríkì amọ̀. Ó wọnú ẹrẹ̀, ó mọ ọ́n pé. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ fi César Cocarico rọ́pò rẹ̀, Cocarico sì wọlé.

Mo jẹ́wọ́ pé ẹ̀rín ni mo máa ń fi ìtàn yìí pa kíláàsì. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó ti mọ bíríkì pé, ṣé gbèsè rẹ̀ ò tíì tán ni?” Ẹnu mi wọhò. Ọtí àwakọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ń pani. Ṣùgbọ́n ìjìyà Patacamaya ní iye: ẹgbẹ̀rún kan, ó tán. Tèmi kò ní iye. Ọdọọdún ni mo ń tún ọkùnrin náà dá lẹ́jọ́, tí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí èdè sì ń di àwàdà.

Ní ọdún 2015, ó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ Sol.bo. Ó borí Felipa Huanca ti MAS, ó di gómìnà La Paz títí di ọdún 2021. Àwọn olùdìbò ti ka bíríkì náà ṣáájú mi.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Mo ti ń pa òwe yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀.