Omi Inú Yangí

Ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, kànga àti ṣáláńgá jọ wà nínú ọgbà kan náà ni, yangí ló là wọ́n láàárín. Yangí ń mu omi o. Ọ̀nà wo wá ni omi ń gbà nínú rẹ̀? Tí a bá fọ́ ọ láti wò ó, a ti ba ọ̀nà náà jẹ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ omi inú òkúta fi ń lo òòfà, bíi ti ẹ̀rọ MRI ilé ìwòsàn.

Ẹ wò ó báyìí. Haidirójìn wà nínú omi. Òòfà á to àwọn átọ̀mù rẹ̀ bí oníjó. A ó fi ìgbì rédíò ta wọ́n jí, àwọn náà á fi rédíò dáhùn. A ó wá mú kí agbára òòfà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, a ó yí i sí òdì kejì. Omi tó dúró sójú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á padà bá ìlù mu. Èyí tó ti ṣí nídìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà, bó ṣe yà tó ló sì ń sọ bó ṣe yára tó. Stejskal àti Tanner ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1965, ọdún mẹ́jọ kí Lauterbur tó fi òòfà ya àwòrán túùbù omi kékeré méjì. Ohun tó dùn mọ́ wa jù ni pé omi kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba: ihò díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bá sáré kọjá, ìyókù á kàn jókòó sí kọ̀rọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé yangí kún fún irin. Irin yìí ń da òòfà láàmú, ohùn omi á ti kú ká tó gbọ́ ọ. Bí òòfà bá ṣe lágbára sí i ni rúgúdù náà ń pọ̀ sí i. Abájọ tí àwòrán tó rẹwà jù fi sábà máa ń jẹ́ ti ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àti òkúta oníyanrìn tí kò nírin lára.

Torí náà, tí wọ́n bá ní àfi ká ra òòfà ràgàjì tó ń mu helium olómi, a kì í gbà. Ti ilé ìwòsàn sábà máa ń jẹ́ tesla 1.5 tàbí 3. Èyí tí àwọn elépo rọ̀bì fi ń yẹ òkúta wò kò ju nǹkan bíi 0.05 lọ. Ó lọ́ra lóòótọ́, ohùn rẹ̀ kò ròkè, èèyàn á tún un ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n kò nílò helium, irin kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dà á rú.

Àwọn agbẹ́kànga ń da yangí nù lójoojúmọ́. A ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi odindi kan sílẹ̀ fún wa.